Àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ní sínágọ́gù

Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ní sínágọ́gù ni ẹni tí ó ń kọ́ ọmọ Júù ní èdè Hébérù, ìtàn inú Bíbélì, àdúrà àti àwọn ọdún ẹ̀sìn, yàtọ̀ sí ilé-ìwé tí ọmọ náà ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òwúrọ̀ Sọ́ńdè ni wọ́n sábà máa ń pàdé, ọ̀pọ̀ sínágọ́gù sì máa ń fi ọ̀sán ọjọ́ kan tàbí méjì kún un. Ọjọ́ Sátidé kì í sábà ṣeé lò, nítorí Sábáàtì ni, òfin ẹ̀sìn kò sì gbà kí Júù kọ̀wé lọ́jọ́ náà. Abọ́ọ̀ṣẹ́ ni iṣẹ́ yìí jẹ́ fún èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn olùkọ́ náà, obìnrin ló sì pọ̀ jù láàárín wọn. Bí a bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀, àfi ká padà sí ìlú Philadelphia ní ọdún 1838, sọ́dọ̀ Rebecca Gratz àti àwọn obìnrin tó bá a ṣiṣẹ́.

Ṣáájú Gratz

Òfin Mósè gbé ẹ̀kọ́ ọmọ lé òbí lọ́wọ́. Deutarónómì orí 6 ní kí wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kọ́ àwọn ọmọ nígbà tí wọ́n bá jókòó nílé àti nígbà tí wọ́n bá ń rìn lọ́nà. Ọmọ tí kò ní bàbá ńkọ́? Talmud, ìwé ńlá tí àwọn Júù kó àlàyé òfin ẹ̀sìn wọn sí, nínú apá tí wọ́n ń pè ní Bava Batra, sọ pé torí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni Joshua ben Gamla, tó jẹ́ olórí àlùfáà ní ọ̀rúndún kìíní, ṣe pàṣẹ pé kí olùkọ́ wà ní gbogbo ìlú, kí ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní ọmọ ọdún 6 tàbí 7. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti sọ iye ọmọ tí ó tọ́ sí olùkọ́ kan: 25. Bí wọ́n bá di 40, kí ìlú wá igbákejì fún un. Bí wọ́n bá pé 50, kí wọ́n gba olùkọ́ méjì. Ìlànà yìí ti lé ní 1,400 ọdún, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé-ìwé lónìí ni ọwọ́ wọn kò tíì tó o.

Láàárín àwọn Júù Ìlà-Oòrùn Yúróòpù, melamed ni orúkọ olùkọ́ ọmọdé, heder sì ni ibi tó ti ń kọ́ wọn, tó sábà máa ń jẹ́ yàrá kan nínú ilé rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ilé-kéwú nílẹ̀ Yorùbá ti mọ bí ó ṣe rí: olùkọ́ ń pè é, ọmọ ń tẹ̀ lé e, a ó há ọ̀rọ̀ èdè mímọ́ sórí kí ìtumọ̀ rẹ̀ tó yéni. Owó melamed kéré, àríyànjiyàn sì wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú. Talmud ní ọ̀fẹ́ ni Mósè kọ́ Ísírẹ́lì ní Òfin, ọ̀fẹ́ náà ló sì yẹ kí ẹni tó tẹ̀ lé e fi kọ́ni. Àwọn ọ̀mọ̀wé òfin ẹ̀sìn wá wá ọ̀nà gbà á: wọ́n ní owó tí olùkọ́ ń gbà kì í ṣe ti Òfin tó kọ́ni, ti ọmọ tó ń bá òbí mójú tó ni, àti ti àkókò tí ì bá fi wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ níbòmíràn.

Ti obìnrin tilẹ̀ le ju èyí lọ. Mishnah, àkójọ òfin tí Talmud ń ṣàlàyé, nínú apá tí wọ́n ń pè ní Kiddushin, sọ pé kí obìnrin má ṣe olùkọ́ àwọn ọmọdé. Kì í ṣe pé wọ́n ní kò gbọ́n tó. Àlàyé tí Talmud ṣe ni pé àwọn bàbá tó ń mú ọmọ wá yóò máa bá a pàdé. Ohun yòówù kó fà á, ọkùnrin ló ń ṣe iṣẹ́ melamed fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, ọmọkùnrin ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń jókòó síwájú rẹ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ Philadelphia

Rebecca Gratz (1781–1869) jẹ́ ọmọ oníṣòwò olówó kan ní Philadelphia, sínágọ́gù Mikveh Israel ni ìdílé rẹ̀ sì ń lọ. Kò lọ́kọ. Ní 1819 ó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ aláàánú àwọn obìnrin Hébérù sílẹ̀ láti máa ran àwọn aláìní lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe ń wọ ilé kan bọ́ sí èkejì ni wọ́n ń rí i pé bí a tilẹ̀ fún ọmọ lóúnjẹ, ó ṣì lè dàgbà láìmọ nǹkan kan nípa ẹ̀sìn àwọn baba rẹ̀. Àwọn míṣọ́nnárì Kristẹni kò sì sinmi. Philadelphia yìí kan náà ni ibùdó American Sunday School Union, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1824 láti tan ẹ̀kọ́ Sọ́ńdè ká gbogbo Amẹ́ríkà.

Ohun tí Gratz ṣe nìyí: ó mú ọ̀nà àwọn Kristẹni náà, irú èyí tí Robert Raikes sọ di olókìkí ní Gloucester ní England láti 1780, ó sì lò ó fún àwọn ọmọ Júù. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́, lédè Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú àwọn obìnrin gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣí ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ọdún 1838, ọjọ́ tí Gratz pé ọmọ ọdún 57. Kò sí lábẹ́ sínágọ́gù kankan, kí ọmọ láti ibikíbi lè wá, ọkùnrin àti obìnrin. Isaac Leeser, tó ń darí ìsìn ní Mikveh Israel láti 1829, ti gbìyànjú láti dá ilé-ìwé Júù sílẹ̀ ṣáájú, kò sì rọrùn fún un. Nígbà tí àwọn obìnrin gbé tiwọn dìde, ó tì wọ́n lẹ́yìn.

Rosa Mordecai, tó kàwé níbẹ̀ ní kékeré, kọ ohun tó rántí sílẹ̀. Yàrá ńlá kan ni, tó ní fèrèsé gígùn mẹ́rin. Lórí pèpéle, tábìlì kan wà tí Bíbélì tó ti gbó wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú agogo ọwọ́ àti àpótí tí àwọn ọmọ ń ju kọ́bọ̀ sí fún àwọn tálákà Jerúsálẹ́mù. Gratz á wọ aṣọ dúdú, á fi ọ̀rọ̀ Sáàmù 34 bẹ̀rẹ̀, èyí tó pe àwọn ọmọ pé kí wọ́n wá gbọ́ kí a lè kọ́ wọn ní ìbẹ̀rù Olúwa. Lẹ́yìn náà á ka àdúrà tí òun fúnra rẹ̀ kọ, gbólóhùn kan tẹ̀ lé òmíràn, gbogbo ilé á sì máa gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Kò sí ìwé tí wọ́n lè fi kọ́ni. Kò sẹ́ni tó tíì kọ ìwé ẹ̀kọ́ Júù tó bá ọmọ Amẹ́ríkà mu lédè Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà ìwé ẹgbẹ́ Kristẹni tí à ń wí yẹn ni àwọn olùkọ́ rà, wọ́n sì lẹ bébà pẹlẹbẹ mọ́ ojú àwọn ìdáhùn tí kò bá ẹ̀sìn wọn mu. Mordecai sọ pé ọ̀pọ̀ ọjọ́ ẹ̀ẹ̀rùn ni òun fi ń lẹ bébà náà, tí àwọn ọmọ sì ń gbìyànjú lásán láti ka ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn olùkọ́ kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Leeser tẹ ìwé ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn ọmọdé jáde ní 1839. Simha Peixotto, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà, kọ ìwé ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ Bíbélì fún àwọn ọmọ Hébérù, èyí tó jáde ní 1840. Ó yẹ kí orúkọ Peixotto gbajúmọ̀ ju bí ó ṣe rí lọ.

Àwọn olùkọ́ náà kò gba owó kankan. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, àwọn ọmọbìnrin tó kàwé níbẹ̀ ń dàgbà, wọ́n sì ń padà wá kọ́ni. Àwọn kan bu ẹnu àtẹ́ lu ẹ̀kọ́ náà lẹ́yìn ìgbà náà, wọ́n ní kò jinlẹ̀, pé Hébérù inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n níbo ni obìnrin Júù ìgbà náà ì bá ti kọ́ Hébérù tó jinlẹ̀? Ohun tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n fi kọ́ni, àwọn ìlú mìíràn sì tẹ̀ lé wọn. Lọ́dún 1838 yẹn náà, Sally Lopez dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní Charleston, ní South Carolina, Gratz sì ń fi ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ sí i. Akéwì Penina Moïse ló gba ipò rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ojú rẹ̀ fọ́ nígbẹ̀yìn, síbẹ̀ kò yéé kọ́ni.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn olùkọ́

Hyman Gratz, arákùnrin Rebecca, ya owó sọ́tọ̀ ní 1856, tí sínágọ́gù Mikveh Israel máa fi dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga sílẹ̀ tó bá yá. Èyí ló bí Gratz College ní 1895, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ Júù níṣẹ́. Ní 1909, Jewish Theological Seminary ní New York dá ẹ̀ka ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ sílẹ̀, rábì Mordecai Kaplan ni olórí rẹ̀. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni Samson Benderly gba ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ Júù ti ìlú náà. Wọ́n bí i ní Safed, nílẹ̀ Palẹ́sìtínì. Ó ti di dókítà ìṣègùn ní Baltimore kó tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ nítorí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ. Ó kó àwọn ọ̀dọ́ jọ, ó sì ní kí wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì bí ẹni tó fẹ́ ṣe é jẹun.

Iṣẹ́ inú kíláàsì

Álífábẹ́ẹ̀tì Hébérù ní lẹ́tà 22, láti ọwọ́ ọ̀tún sí òsì ni wọ́n sì ń kà á. Márùn-ún nínú wọn máa ń yí ìrísí padà bí wọ́n bá parí ọ̀rọ̀. Fáwẹ́lì kò sí láàárín lẹ́tà. Àmì kéékèèké abẹ́ àti orí lẹ́tà ló ń fi wọ́n hàn, ìwé-kíká Tórà (ìwé Òfin Mósè) tí wọ́n ń kà ní sínágọ́gù kò sì ní àmì kankan rárá. Nítorí náà, ọmọ tó ń múra sílẹ̀ fún bar mitzvah, ayẹyẹ tí ọmọkùnrin fi ń di ẹni tí òfin ẹ̀sìn dè, ní ọmọ ọdún 13 (ọmọbìnrin lè ṣe tirẹ̀, bat mitzvah, ní 12 tàbí 13) gbọ́dọ̀ ti mọ ìpín tirẹ̀ àti orin tí wọ́n fi ń kà á látorí. Ọ̀dọ̀ akọrin sínágọ́gù tàbí olùkọ́ kan pàtó ló ti ń kọ́ èyí, òun nìkan pẹ̀lú olùkọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ kékeré ń kọ́ àdúrà Shema, ìtàn ọdún Hánúkà àti ti Ìrékọjá, àti bí a ṣe ń ju owó sínú àpótí àánú kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀.

Òbí wà nínú àwọn olùkọ́ náà, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wà níbẹ̀, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì nílé-ìwé ìjọba náà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ọmọ Ísírẹ́lì tó ń gbé Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ sínágọ́gù máa ń fi àwọn ọ̀dọ́ tó ti ṣe bar tàbí bat mitzvah tì wọ́n lẹ́yìn. Wọ́n á jókòó ti ọmọ kan tó ń tiraka láti kàwé, wọ́n á máa fi ìka tọ́ka lẹ́tà fún un. Lónìí, ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń gba owó. Ó sábà máa ń jẹ́ owó wákàtí tí wọ́n lò ní kíláàsì, nígbà tó jẹ́ pé ìmúrasílẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀, alẹ́ Sátidé lẹ́yìn tí Sábáàtì bá parí, ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń ṣe é.