Ẹ Pa Ẹ̀rọ Yẹn Kí N Tó Wọ Omi

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé láàárín oṣù kan tí wọ́n á pè mí pé kí n wá kó ìdọ̀tí kúrò lẹ́nu páìpù tó ń fa omi wọ iléeṣẹ́ àwọn, tí wọ́n á sì fi kún un pé, "Ọ̀gá, a ò lè pa ẹ̀rọ o. Iṣẹ́ á dúró. Ṣebí ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni?" Mo máa ń bi wọ́n bóyá wọ́n á jẹ́ kí àbúrò wọn wọ ibẹ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Èmi kì í bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ẹja ńlá àti òkùnkùn ni àwọn èèyàn máa ń bá àwa amòòkùn bẹ̀rù. Ohun tí èmi ń bẹ̀rù kò léyín: omi tó ga lápá kan ògiri, tó lọ sílẹ̀ lápá kejì, tí ihò sì wà láàárín.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ilẹ̀kùn ìsédò kan ní omi lẹ́yìn, iwájú rẹ̀ gbẹ. Ihò kan wà lára rẹ̀ ní mítà 10 sísàlẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 20 ní ìbú, 20 ní gígùn. Bí amòòkùn bá fẹ̀yìn dí i, ẹrù tó máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀ tó kílò 400, ìyẹn àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́jọ. Ọdún 19 ni mo ti lò lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mo lè tú nọ́ọ̀tì nínú òkùnkùn biribiri bí ẹni ń tú okùn bàtà. Èmi náà ò lè já ara mi gbà níbẹ̀.

Omi ọ̀hún kì í sì kìlọ̀. Bí o bá ṣì jìnnà díẹ̀, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Sún mọ́ ọn sí i, ó ti gbé ọ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ pọ́ǹpù nìkan o: omi tó ń ṣàn láti òkè wá sísàlẹ̀ kò nílò iná.

Ẹni bá há síbẹ̀, wọ́n á ní ẹ̀mí omi ló mú un. Ẹ̀mí wo? Ẹ̀mí tó máa ń jáwọ́ tí wọ́n bá ti fáàfù, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń dá omi dúró nínú páìpù? Àwọn ayédèrú tó ń mí afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà lábẹ́ omi ló máa ń gba iṣẹ́ tí mo bá kọ̀. Wọ́n ní ojo ni mí. Mo gbà.

Ọdún kẹrin mi lẹ́nu iṣẹ́ ló ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti ti fáàfù. Mo gbà wọ́n gbọ́, mi ò lọ wò ó. Mo nawọ́ òsì sí ọ̀rá kan tó ń mì lẹ̀lẹ̀ lẹ́nu ihò tí kò ju ẹnu abọ́ kékeré lọ. Ìbọ̀wọ́ mi kọ́kọ́ lọ, ihò náà sì gbé apá mi mì dé èjìká. Mo pariwo sínú ẹ̀rọ tó wà nínú akoto mi pé kí wọ́n má fa okùn o. Ẹni tó ń ṣọ́ mi lókè fà á. Àánú ló ṣe é. Mo gbọ́ tí nǹkan dún kẹ́ẹ̀ léjìká mi. Ọ̀gá wa já okùn gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n dami sí apá kejì títí omi méjèèjì á fi dọ́gba. Ogójì ìṣẹ́jú. Bí afẹ́fẹ́ mi kò bá jẹ́ èyí tó ń gba inú rọ́bà ara okùn náà wá láti òkè, ì bá ti tán. Bí omi ṣe dọ́gba báyìí, apá mi jáde wọ́ọ́rọ́ bí ẹni pé nǹkan kan ò mú un rí.

Láti ọjọ́ náà, èmi fúnra mi ni mò ń fi àgádágodo ti súìṣì, tí mò ń wo apá kejì ògiri pẹ̀lú ojú ara mi. Ọrùn ẹni tó ń ṣọ́ okùn mi ni kọ́kọ́rọ́ ń wà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, máníjà kan bínú. "Ṣé o ò fọkàn tán mi ni?"

Mo ní, "Mi ò fọkàn tán yín, sà."