Gùyánà: epo rọ̀bì, ìbò, àti ilẹ̀ tó rẹlẹ̀ ju òkun lọ (ìbéèrè àti ìdáhùn)

Ṣé Gánà ni Gùyánà, àbí Gíní?

Kì í ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni Gánà àti Gíní wà. Àríwá Gúúsù Amẹ́ríkà ni Gùyánà wà: Fẹnẹsúẹ́là ló bá a pààlà ní ìwọ̀-oòrùn, Bràsíl ní gúúsù, Suriname ní ìlà-oòrùn, Òkun Àtìláńtíìkì sì wà ní àríwá. Georgetown ni olú ìlú rẹ̀. Òun nìkan ni orílẹ̀-èdè tó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìjọba ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ọwọ́ òsì ni wọ́n ń wakọ̀ gbà, àwọn agbábọ́ọ̀lù kíríkẹ́ẹ̀tì wọn sì ń gbá fún West Indies. Ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi 215,000 kìlómítà níbùú lóòró, ṣùgbọ́n nǹkan bí 800,000 ènìyàn péré ló ń gbé e.

Ta ni wọ́n, báwo sì ni àwọn ará Íńdíà ṣe pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀?

Nínú ìkànìyàn ọdún 2012, àwọn tó ṣẹ̀ wá láti Íńdíà jẹ́ 39.8 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn ọmọ Áfíríkà 29.3, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn dàpọ̀ 19.9, àwọn ọmọ onílẹ̀ gan-an, bíi Makushi, Wapishana àti Lokono, sì jẹ́ 10.5.

Oko ìrèké ló kó gbogbo wọn jọ, yàtọ̀ sí àwọn onílẹ̀. Ẹrú ni wọ́n kó àwọn ará Áfíríkà lọ ṣe. Nígbà tí òmìnira wọn fẹ́ pé pérépéré ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1838, àwọn olóko ti ń wá ẹlòmíràn tí yóò máa gé ìrèké. Ọkọ̀ ojú omi Whitby àti Hesperus kó àwọn ará Íńdíà àkọ́kọ́ dé ní ọjọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún ọdún yẹn kan náà. Wọ́n ń kó wọn wá bẹ́ẹ̀ títí di 1917, gbogbo wọn sì lé ní 230,000. Àwọn Pọtogí láti Madeira àti àwọn ará Ṣáínà náà wá, ṣùgbọ́n wọn ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó gba òmìnira ò jókòó. Ní 1839, àwọn 83 nínú wọn dá owó jọ, wọ́n ra oko Northbrook, wọ́n sì sọ ọ́ di abúlé Victoria. Lẹ́yìn ìgbà náà, Gẹ̀ẹ́sì tún kó àwọn ará Áfíríkà tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú lójú òkun wá láti Sàró. Àwọn ọmọ Yorùbá wà nínú wọn.

Kí ló dé tí gbogbo ènìyàn fi ń gbé etí òkun tí omi ti ń yọ wọ́n lẹ́nu?

Nítorí ibẹ̀ ni ilẹ̀ ọlọ́ràá wà. Nínú ènìyàn mẹ́wàá, bíi mẹ́sàn-án ló ń gbé pẹpẹ ilẹ̀ tóóró yẹn. Igbó kìjikìji ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù. Ìṣòro rẹ̀ ni pé nígbà tí òkun bá kún, ilẹ̀ náà rẹlẹ̀ ju omi òkun lọ. Àwọn ará Họ́láńdì tó kọ́kọ́ gba ibẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n ṣì ń lò. Àwọn ẹrú ló sì fi ọwọ́ gbẹ́ ẹ.

Ògiri wà níwájú tó dènà òkun. Lẹ́yìn oko, lápá gúúsù, ìdídò ńlá wà tó gba omi òjò dúró, tí wọ́n ń là wọ oko ìrẹsì àti ìrèké nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Láàárín méjèèjì, kòtò omi gba inú ìlú àti oko kọjá títí dé ẹnu òkun, níbi tí ilẹ̀kùn kan wà tí wọ́n ń pè ní koker. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni òkun ń fà. Bó bá ti fà, ẹni tó ń tọ́jú koker á fi ṣéènì fa ilẹ̀kùn náà sókè, omi inú ìlú á sì ṣàn jáde fúnra rẹ̀. Kí òkun tó padà kún, ó gbọ́dọ̀ ti tì í. Bó bá gbàgbé, omi iyọ̀ á wọlé, á sì ba oko jẹ́.

Ohun tó máa ń bàjẹ́ ò ju mẹ́ta lọ. Àkọ́kọ́ ni kí òjò ńlá bá òkun tó kún pàdé: ilẹ̀kùn ò ṣeé ṣí, omi ò sì ríbi lọ, àfi bí ẹ̀rọ tó ń fa omi bá wà nítòsí. Èkejì ni ẹrọ̀fọ̀ tí òkun ń kó dí ẹnu koker láti ìta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Ẹ̀kẹta ni pàǹtírí inú kòtò, èyí tí ẹnikẹ́ni tó bá dé Georgetown lè fojú ara rẹ̀ rí. Ní oṣù kìíní ọdún 2005, òjò ńlá rọ̀, omi bo ìlú àti abúlé etí òkun fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, àrùn tí ìtọ̀ eku ń kó sínú omi sì pa ènìyàn.

Báwo ni wọ́n ṣe ń yan Ààrẹ?

Olùdìbò ò rí ìwé ìdìbò kan tó jẹ́ ti Ààrẹ lọ́tọ̀. Ẹgbẹ́ òṣèlú ló ń dìbò fún. Àga 65 ló wà nílé aṣòfin, 25 láti ẹkùn mẹ́wàá, 40 láti àpapọ̀ ìbò gbogbo ilẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ìbò rẹ̀ bá pọ̀ jù, olùdíje rẹ̀ ló di Ààrẹ, ì báà má tó ìdajì. Kò sí ìbò ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ní 2011, Donald Ramotar di Ààrẹ báyìí, nígbà tí àwọn alátakò ní àga 33 nínú 65. Lẹ́yìn ìbò ni ẹgbẹ́ tún máa ń mú orúkọ àwọn tí yóò jókòó látinú àkọsílẹ̀ rẹ̀, nítorí náà olórí ẹgbẹ́ ni aṣòfin máa ń bẹ̀rù, kì í ṣe ará àdúgbò rẹ̀. Lójú tiwa, àléébù tó ga jù nínú ètò náà nìyẹn.

Ẹ̀yà ló ń darí ìbò láti ọjọ́ tó pẹ́. Cheddi Jagan, dókítà eyín, àti Forbes Burnham, lọ́yà, jọ wà nínú ẹgbẹ́ PPP láti 1950. Wọ́n pínyà ní 1955, Burnham sì dá PNC sílẹ̀. Láti ìgbà náà, àwọn ọmọ Íńdíà ló pọ̀ lẹ́yìn PPP, àwọn ọmọ Áfíríkà lẹ́yìn PNC. Ìbò 2025 ṣí èyí nídìí díẹ̀: PPP ti Ààrẹ Irfaan Ali gba àga 36, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tuntun kan, WIN, gba 16, ó fi APNU, tí PNC wà nínú rẹ̀, sẹ́yìn pẹ̀lú 12.

Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n lọ sílé ẹjọ́ nítorí ìdajì 65?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ní oṣù kejìlá 2018, aṣòfin ìjọba kan, Charrandas Persaud, dìbò pẹ̀lú àwọn alátakò, ìbò àìnígbẹ́kẹ̀lé, èyí tí wọ́n fi ń lé ìjọba kúrò lórí àga, sì di 33 sí 32. Ìjọba ní ìdajì 65 jẹ́ 32 àti ààbọ̀, kò sì sí ààbọ̀ ènìyàn, nítorí náà 33 ni ìdajì, 34 ló sì gbọ́dọ̀ borí. Ilé Ẹjọ́ Káríbíà dá wọn lóhùn ní oṣù kẹfà 2019: 33 ju 32 lọ, ó tó. Síbẹ̀, oṣù kẹta 2020 ni wọ́n tó dìbò, wọ́n sì fi oṣù márùn-ún jà lórí èsì Ẹkùn 4, níbi tí Georgetown wà, kí wọ́n tó búra fún Ali.

Nínú ọgọ́rùn-ún àgbá epo, mélòó ni ti Gùyánà?

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. ExxonMobil rí epo ní 2015 ní kànga Liza, nǹkan bíi 190 kìlómítà sínú òkun. Epo bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní oṣù kejìlá 2019. Àdéhùn ọdún 2016 ló ń darí pínpín rẹ̀.

Ẹ mú 100 àgbá. Àwọn ilé iṣẹ́ lè kọ́kọ́ mú tó 75 láti fi san owó tí wọ́n ná. Ó ku 25. Wọ́n pín in sí méjì ọgbọọgba, 12.5 fún Gùyánà, 12.5 fún wọn. Ìṣákọ́lẹ̀ 2 tún wà lórí gbogbo rẹ̀. Gùyánà wá rí 14.5.

Ẹnìkan lè ní bí gbèsè ìnáwó yẹn bá tán, ìpín Gùyánà á pọ̀ sí i. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àdéhùn náà ò ya kànga sọ́tọ̀ síra wọn. Owó tí wọ́n ná sí Payara àti Yellowtail, tí wọ́n jẹ́ pápá epo mìíràn, epo Liza ló ti ń san án kí àwọn yẹn tó mú epo kan jáde. Bí wọ́n bá ṣe ń ṣí pápá epo tuntun, bẹ́ẹ̀ ni gbèsè tuntun ń wọlé. Owó orí àwọn ilé iṣẹ́ náà sì ń jáde látinú ìpín ìjọba fúnra rẹ̀.

Kí ló dé tí wọn ò yí i padà?

Gbólóhùn kan wà nínú rẹ̀ tó ní ìjọba ò lè yí i padà láìjẹ́ pé ilé iṣẹ́ fọwọ́ sí i. PPP bú àdéhùn náà nígbà tó wà ní alátakò. Nígbà tó gorí àga, ó ní òun ò ní fa ìwé tí orílẹ̀-èdè ti fọwọ́ sí ya. Àdéhùn tuntun fún àwọn ibòmíràn nínú òkun le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ìṣákọ́lẹ̀ 10 nínú ọgọ́rùn-ún, àgbá tí ilé iṣẹ́ lè mú fún ìnáwó kò gbọ́dọ̀ ju 65 lọ, àti owó orí 10. Kò kan pápá Stabroek, níbi tí epo wà.

Ṣé owó náà dé ọwọ́ aráàlú?

Díẹ̀. Ọrọ̀ ajé dàgbà ju 60 nínú ọgọ́rùn-ún lọ ní 2022, ṣùgbọ́n epo tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ wà nínú ìṣirò yẹn, kò sì sí iṣẹ́ púpọ̀ fún aráàlú nínú ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi ń gba epo, èyí tí wọ́n kọ́ ní Singapore tó sì wà láàárín òkun. Owó ìjọba ń wọ àpò ìfowópamọ́ kan ní báńkì Federal Reserve ní New York. Òfin ló pa ààlà sí iye tí wọ́n lè mú lọ́dún, inú ètò ìṣúná tí ilé aṣòfin bá fọwọ́ sí ló sì ń gbà jáde, sí ojú ọ̀nà, ilé ìwòsàn àti afárá. Ní ìparí 2024, ìjọba kéde 100,000 dọ́là Gùyánà fún ọmọ ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó ti pé ọdún 18; kò tó 500 dọ́là Amẹ́ríkà. Owó oúnjẹ àti owó ilé ní Georgetown ti gbéra kí ó tó dé.

Ìrèké ń kọ́?

Ó ti rẹlẹ̀. Ìjọba ti oko mẹ́rin pa láàárín 2016 àti 2017, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méje òṣìṣẹ́ sì padà sílé. Ìrẹsì ṣì lágbára. Wúrà ló ṣíwájú nínú ọjà tí wọ́n ń tà sókè òkun kí epo tó dé.

Kí ni Fẹnẹsúẹ́là ń fẹ́?

Essequibo, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ilẹ̀ Gùyánà. Ìgbìmọ̀ kan ní Paris ti pa ààlà náà ní 1899, Fẹnẹsúẹ́là sì tún gbé e dìde ní 1962. Gùyánà gbé ẹjọ́ lọ sí Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní 2018. Ní oṣù kejìlá 2023, Fẹnẹsúẹ́là ṣe ìdìbò tirẹ̀ lórí ilẹ̀ náà; ọjọ́ kẹrìnlá oṣù yẹn, Ali àti Maduro, tó jẹ́ Ààrẹ Fẹnẹsúẹ́là nígbà náà, pàdé ní erékùṣù Saint Vincent, wọ́n sì fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni ò ní fi agbára ogun lé ẹnìkejì. Ṣùgbọ́n Fẹnẹsúẹ́là ò gbà pé ilé ẹjọ́ yẹn láṣẹ lórí ọ̀rọ̀ náà.