Jẹ (ọ̀rọ̀-ìṣe)

Jẹ jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan nínú èdè Yorùbá. Ohùn àárín ni a fi ń pè é. Ìtumọ̀ tí ọmọdé kọ́kọ́ ń mọ̀ ni kí ènìyàn fi oúnjẹ sẹ́nu, kí ó gbé e mì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó sí Ọjà Ọba ní Àkúré fún wákàtí kan yóò gbọ́ ọ níbi tí oúnjẹ kò sí rárá: oníbàárà jẹ ìyá aláṣọ lówó, ìyá aláṣọ kò jèrè tó bó ṣe fẹ́, ọ̀kadà ń jẹ epo jù, ikán sì ti jẹ òpó ìsọ̀.

Ohùn ni ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó jọ ọ́. “Kí lo ń jẹ?” ń béèrè oúnjẹ, “Kí lo ń jẹ́?” ń béèrè orúkọ. Jẹ́ olóhùn òkè yìí ló wà nínú “ó jẹ́ olùkọ́”, “jẹ́ kí n lọ”, “oògùn náà jẹ́”, àti nínú jẹ́wọ́, jẹ́rìí àti jíṣẹ́. Jẹ̀ olóhùn ìsàlẹ̀ ni ti ẹran ọ̀sìn tí a dà lọ sí pápá. Ẹni tó bá kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìfi àmì ohùn sí i ti di ẹrù tirẹ̀ lé òǹkàwé lórí, kò sì yẹ bẹ́ẹ̀.

Fáwẹ̀lì jẹ sábà máa ń pòórá níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ: jẹ ọba di jọba, jẹ ogún di jogún, jẹ àre di jàre. Àwọn onímọ̀ èdè ń pe èyí ní ìpajẹ, jẹ kan náà ló sì wà nínú orúkọ yẹn.

Ibi tó gba àròjinlẹ̀ jù ni ọ̀rọ̀ ìyà. “Mo ń jìyà” àti “ìyà ń jẹ mí” kò yàtọ̀ ní ìtumọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń jẹ nínú ti àkọ́kọ́ ni wọ́n ń jẹ nínú ti ìkejì. Oúnjẹ kò gba irú àyípadà yìí. A kò lè sọ pé iyán ń jẹ mí. Ó dà bíi pé ohun tí jẹ ń tọ́ka sí gan-an ni kí nǹkan kan wọ inú òmíràn débi pé kò ní ṣeé yọ mọ́. Bí gbèsè àti ogún ṣe ń lẹ̀ mọ́ ẹni tó jẹ wọ́n nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà sì ni oyè.

Lórí oyè, ìlú Àkúré àti Oǹdó ní àpẹẹrẹ tó dára. Ọba Adesida Kìíní jẹ Déjì Àkúré láti 1897 títí di 1957. Bí Déjì bá wàjà, ọmọbìnrin ọba ni í di adelé títí ẹlòmíràn yóò fi gorí ìtẹ́. Adelé yìí ń wọ aṣọ oyè, ó sì ń ṣàkóso, ṣùgbọ́n a kì í sọ pé ó jẹ Déjì. Ilé ló ń dè. Ní Oǹdó, níbi tí ọkùnrin ti ń jẹ Ọṣemàwé, ìyẹn ọba ìlú, obìnrin ní í jẹ Lóbùn, ìyẹn oyè olórí àwọn obìnrin.

Nínú ẹ̀ka-èdè Àkúré, uṣu ni wọ́n ń pe iṣu. Ṣùgbọ́n jẹ kò yí padà.

Bí jẹ bá tẹ̀lé ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn, ìtumọ̀ lè dára tàbí kó burú. “Iṣẹ́ wo lo ń ṣe jẹ?” ń béèrè ohun tí ènìyàn fi ń gbọ́ bùkátà, rẹ́ni jẹ àti yanni jẹ jẹ́ ìwà àìtọ́. Àjẹbánu, ìyẹn ìwà ìbàjẹ́ àwọn aláṣẹ, wà nínú ìdílé yìí, àti àjẹmọ́nú òṣìṣẹ́. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, òwe yẹn náà ti ibẹ̀ wá.

Àjẹsára ni mo rò pé ó rìn jìnnà jù. Oògùn ìbílẹ̀ tí ènìyàn jẹ kí agbára rẹ̀ lè wà lára rẹ̀ ni tẹ́lẹ̀. Lónìí, àwọn nọ́ọ̀sì ń lo orúkọ náà fún abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún ọmọ lápá tàbí nítan, tí kò gba ẹnu kọjá rárá, àti fún ẹ̀kán oògùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ń kán sí ọmọ lẹ́nu.