Kí Ẹ Tó Kọ Lẹ́tà sí Aṣojú Òǹkọ̀wé

Iṣẹ́ àwọn òǹkọ̀wé tuntun ni mo ń kà lójoojúmọ́, ohun tó sì ń dùn mí jù ni ìtàn tó lè dára, tí wọ́n fi ránṣẹ́ kó tó jinná. Aṣojú òǹkọ̀wé ni ẹni tó ń mú ìwé lọ bá àwọn olótùú, tó ń bá wọn dúnàá-dúrà, tó sì ń bójú tó àdéhùn àti owó tó bá ti ibẹ̀ wá. Púpọ̀ nínú àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tó ń tẹ ìwé Gẹ̀ẹ́sì jáde kì í ka iṣẹ́ tí kò bá ti ọwọ́ aṣojú wá, ìdí nìyí tí àwọn òǹkọ̀wé fi ń wá wọn lójú méjèèjì.

Ẹ kọ ìtàn àròsọ yín parí, kí ẹ sì tún un kọ, kí ẹ tó wá ẹnikẹ́ni, nítorí pé ìbẹ̀rẹ̀ tó dùn kò fi hàn pé ẹ mọ bí ìtàn ṣe ń parí. Ọ̀rọ̀ bíi 80,000 sí 100,000 ló wọ́pọ̀ fún ìtàn àwọn àgbà.

Láti mọ ẹni tí ẹ ó kọ̀wé sí, ẹ wá àwọn ìwé tuntun tó jọ tiyín, kí ẹ sì ka ojú ewé ìdúpẹ́ tó wà níparí wọn, torí pé ibẹ̀ ni òǹkọ̀wé ti sábà máa ń dárúkọ aṣojú rẹ̀. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí ju àtòjọ orúkọ lásán lọ.

Lẹ́tà náà kò gbọdọ̀ ju ojú ewé kan lọ. Ẹni tó kọ ọ́ pé ìtàn òun dá lórí ìfẹ́, ọ̀tẹ̀ àti ìdáríjì kò tíì sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ ọ́ pé agbẹ̀bí kan ti pààrọ̀ ọmọ ìkókó méjì ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, pé ọ̀kan nínú wọn, tó jẹ́ ọmọ àbúrò rẹ̀ gan-an, fẹ́ gbé ọmọ agbẹ̀bí náà níyàwó báyìí, àti pé bí agbẹ̀bí náà bá jẹ́wọ́, yóò ṣẹ̀wọ̀n, bí ó bá sì dákẹ́, ọmọ rẹ̀ yóò fẹ́ ẹbí ara rẹ̀, ẹni tó ń kà á yóò fẹ́ mọ ibi tó máa já sí. Ẹ fi àkọlé, irú ìtàn náà, iye ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti gbólóhùn díẹ̀ nípa ara yín kún un. Nínú àkékúrú ìtàn tí wọ́n sábà máa ń béèrè, ẹ sọ bí ó ṣe parí. Ẹ má fi pa mọ́.

Aṣojú kan lè fẹ́ orí mẹ́ta àkọ́kọ́, òmíràn lè fẹ́ ojú ewé mẹ́wàá. Ohun tí kálukú bá ní kí ẹ fi ránṣẹ́ ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ kọ̀wé sí bíi mẹ́fà tàbí mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe sí gbogbo wọn. Ìdáhùn lè gba oṣù méjì tàbí mẹ́ta, àwọn kan kì í sì í fèsì rárá. Bí kò bá sí ẹni tó béèrè fún odindi ìwé, lẹ́tà tàbí ojú ewé àkọ́kọ́ ni kí ẹ tún ṣe. Bí wọ́n bá béèrè fún un, tí wọ́n kà á tán, tí wọ́n sì kọ̀ ọ́, inú ìtàn ni ẹ ti máa wá àbùkù náà.

Ní ti owó, mo bẹ̀ yín, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Aṣojú máa ń gba nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ìwé bá pa fún yín, ó sì sábà máa ń jẹ́ 20 fún títà á sí ilẹ̀ òkèèrè. Ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó kí òun tó ka ìwé yín kò nílò kí ìwé náà tà kí ó tó jèrè. Ẹ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Bí aṣojú kan bá gbà yín, ẹ tọrọ ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì láti sọ fún àwọn yòókù tí ìwé yín wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ wo ibi tí àdéhùn ti sọ bí ẹ ṣe lè pínyà, nítorí pé lẹ́yìn ìpínyà pàápàá, aṣojú náà yóò sábà máa gba ìdá tirẹ̀ lórí ìwé tó ti bá yín tà.