Bí ehoro ṣe dé ara ìgò ìpara

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ra ìpara l'ọ́jà Wándó níbí l'Ájàṣẹ́, ẹ yí ìgò èyí tó bá ti Faransé wá, ẹ máa rí àwòrán ehoro tó ń fò lára àwọn kan. Àwọn kan rò pé ọ̀rá ehoro ló wà nínú ẹ̀, rárá o, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé wọn ò fi ẹranko kankan dán ìpara yẹn wò. Ìdí tó fi jẹ́ ehoro ni wọ́n yà síbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Láyé ìgbà kan ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá wù ú lè po oògùn kó máa tà á, ìjọba ò ní bi í pé ṣé ó ti dán an wò. Ní 1937 ilé iṣẹ́ kan po oògùn olómi fún ọ̀nà ọ̀fun, kẹ́míkà olóró ni wọ́n fi yọ́ ọ, ó sì dùn lẹ́nu, èèyàn tó lé ní 100 ló kú, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn. 1938 ni òfin jáde pé oògùn tuntun ò gbọdọ̀ dé ọjà àfi tí ẹ̀rí bá wà pé kò léwu, ìpara àti atíkè náà sì bọ́ sábẹ́ ìjọba. Ara ẹranko ni wọ́n ti ń wá ẹ̀rí yẹn. Mi ò lè gbàgbé pé òkú àwọn ọmọ yẹn ló bí òfin náà, bó ti wù kí ohun tó tẹ̀lé e bí mi nínú tó.

Ní 1944, John Draize tó ń bá ìjọba Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ gbé àyẹ̀wò ojú jáde: wọ́n á mú ehoro funfun, wọ́n á fa ìpéǹpéjú ẹ̀ wálẹ̀, wọ́n á kán nǹkan tí wọ́n fẹ́ dán wò sí ojú kan, wọ́n á fi ojú kejì sílẹ̀ kí wọ́n lè fi wé e, wọ́n á wá máa ṣọ́ ọ láti ọjọ́ dé ọjọ́ bó ṣe ń pọ́n, bó ṣe ń wú, bó ṣe ń di funfun. Ojú ehoro tóbi, ó rọrùn láti mú, kò wọ́n. Wọ́n sábà máa ń há ọrùn ẹ̀ sínú àpótí kó má bàa fọwọ́ nu ojú. Ẹni tí ata ti ta sí lójú rí, kó rò ó wò. Àwọn àgbà wa sì ti sọ ọ́, ẹni tó máa fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara ẹ̀ wò.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ní òfin lórí fífi ẹranko ṣe ìwádìí láti 1876, ní 1959 onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Russell àti Burch, tún kọ̀wé níbẹ̀ pé kí wọ́n wá nǹkan míì lò tó bá ṣeé ṣe, kí ẹranko tí wọ́n ń lò dín kù, kí ìrora wọn náà dín kù. Ọ̀rọ̀ gidi ni, àmọ́ ó pẹ́ kó tó ràn. Tíṣà kan ní New York, Henry Spira, ló kó àwọn ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹranko jọ, nígbà tó di 1980 wọ́n ra odidi ojú ìwé kan nínú ìwé ìròyìn, wọ́n bi Revlon, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìpara àti atíkè, pé ehoro mélòó ló ń fọ́ lójú nítorí ẹwà. Ọdún yẹn ò tíì parí tí Revlon fi gbé 750,000 dọ́là fún Yunifásítì Rockefeller kí wọ́n wá ọ̀nà míì. 1996 ni àwọn ẹgbẹ́ wá fẹnu kò sórí àmì ehoro tó ń fò yẹn.

Ọ̀nà tí wọ́n rí pọ̀, èyí tó wù mí jù ni ti ojú màlúù: màlúù tí wọ́n ti pa fún jíjẹ ni wọ́n á yọ ojú ẹ̀, wọ́n á kán kẹ́míkà sí i, wọ́n á tan iná sí i wò bóyá ìmọ́lẹ̀ ṣì ń gbabẹ̀ kọjá. Àwọn kan tún ń gbin sẹ́ẹ̀lì èèyàn sínú àwo títí á fi dà bí awọ ojú.

Ní March 2013, Yúróòpù ti ilẹ̀kùn pa, ìpara tí wọ́n bá tún fi ẹranko dán wò lẹ́yìn ìgbà yẹn ò gbọdọ̀ wọ ọjà wọn, torí náà èyí tí wọ́n ṣe fún ọjà Faransé, bí ehoro wà lára ẹ̀ bí kò sí, òfin yẹn dè é. Oògùn àti abẹ́rẹ́ àjẹsára ò sí nínú ẹ̀ ṣá. Ti oògùn, December 2022 ni Amẹ́ríkà tó yọ ọ̀rọ̀ ẹranko kúrò ní dandan, ẹni tó bá ní ọ̀nà míì tó dáa lè mú un wá, ẹni tó ṣì fẹ́ lo ẹranko náà lè lò ó.