Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Sáyẹ́ǹsì Tí Wọ́n Pe Gbogbo Ènìyàn Sí Kì Í Ṣe Orò

Ẹ sọ fún ẹnikẹ́ni ní Ṣábó tàbí ní Ògòlòntò ní Ìkòròdú níbí pé ilé-iṣẹ́ ìwádìí sáyẹ́ǹsì kan fẹ́ ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, pé ọ̀fẹ́ ni, pé ẹnikẹ́ni ló lè wá. Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ni, "Ṣé wọ́n fún yín níwèé ìpè ni?" Èyí tó máa tẹ̀ lé e ni, "Kí lẹ fẹ́ lọ wá níbẹ̀? Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n nìyẹn." Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń parí sí.

Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni pé àwọn onímọ̀ ló ń pe ara wọn jọ, pé bí wọ́n bá kọ "gbogbo ènìyàn" sára pósítà, wọ́n kàn ń fi pọ́n ni lé ni. Àwa tí a ń gbé Ìkòròdú kúkú mọ Orò. Ọjọ́ tó bá jáde, obìnrin á ti ilẹ̀kùn mọ́rí, kò ní yọjú. Irú ojú yẹn gan-an ni àwọn ènìyàn wa fi ń wo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì, àfi bí ẹni pé ẹni tí kò ní sátífíkéètì bá bẹjú wò ó, ojú rẹ̀ á fọ́.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí. Lóòótọ́, ìpàdé tí onímọ̀ ń ṣe fún onímọ̀ wà. Sẹmínà ni wọ́n ń pè é. Ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́ ni wọ́n sábà máa ń ṣe é, nínú yàrá kékeré, ènìyàn díẹ̀ á jókòó, wọ́n á máa já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ara wọn lẹ́nu, kò sì sí ẹni tó ń lẹ pósítà rẹ̀ kiri ìgboro. Èyí tí wọ́n bá pè ní ti gbogbo ènìyàn, ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n dìídì ṣe é fún. Ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ló yẹ kó máa wò ó pé kí lòun wá ṣe.

Rewáyà kan wà lọ́nà Ìgbógbó tó máa ń bá mi tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Bí kọ́ìlì bá jó, á jókòó lórí àpótí, á máa fi ẹ̀mú fa wáyà tó ti dúdú yẹn jáde díẹ̀díẹ̀, á sì máa ka iye ìgbà tí wáyà náà yí po. Ó máa ń kọ iye náà sára páálí, nítorí iye yẹn náà ló gbọ́dọ̀ fi wáyà tuntun yí padà. Bí ó bá dín, iná tí ẹ̀rọ náà máa gbé jáde kò ní tó. Mo sọ fún un nígbà kan pé kó jẹ́ ká jọ lọ gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan lórí iná mànàmáná. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àǹtí, ìwé mẹ́fà ni mo kà o. Ẹ má kó mi lọ síbi tí wọ́n á ti máa fi gẹ̀ẹ́sì ńlá bú mi."

Ẹni tó fi wáyà àti mágínẹ́ẹ̀tì rí iná fà jáde, ilé ìwé tó lọ kò ju ti rewáyà mi lọ. Michael Faraday ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1791 ni wọ́n bí i ní ẹ̀bá Lọ́ńdọ̀nù. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá rẹ̀, owó kò sì sí nílé. Ìgbà tó mọ̀ ọ́n kọ, mọ̀ ọ́n kà, tó sì mọ ìṣirò díẹ̀, ó di kó wáṣẹ́. Ọmọ ọdún 13 ló wà nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í jíṣẹ́ fún ọ̀gá kan tó ń di ìwé tó sì ń tà á, lẹ́yìn ìyẹn ló wá kọ́ iṣẹ́ ìwé dídì fún ọdún méje kó tó gba fúrídọ̀mù. Ìwé tí àwọn oníbàárà bá gbé wá fún dídì, kíkà ló ń kà á kó tó dì í.

Ní 1812, ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà yẹn fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì láti lọ gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin tí Humphry Davy, onímọ̀ kẹ́mísìrì tó lókìkí, fẹ́ ṣe ní Royal Institution, ilé-iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1799. Ọmọkùnrin náà lọ, ó jókòó, ó ń gbọ́, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó délé, ó tún gbogbo rẹ̀ kọ pẹ̀lú àwòrán, ó dì í di ìwé gidi (iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kúkú nìyẹn), ó sì fi ránṣẹ́ sí Davy fúnra rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1813, wọ́n gbà á ní ọmọ iṣẹ́ nínú yàrá ìwádìí ibẹ̀. Nígbà tó sì di 1831, nínú ilé kan náà, ó fi hàn pé bí mágínẹ́ẹ̀tì bá ń wọlé tó ń jáde nínú wáyà tí wọ́n ká ní kọ́ìlì, iná á máa ṣàn nínú wáyà yẹn.

Gbogbo jẹnẹrétọ̀ tó ń pariwo ládùúgbò wa lálẹ́, orí nǹkan yìí ni wọ́n dúró lé. Ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná Ẹgbin tó wà nítòsí Ìjẹ̀dè pàápàá, kò ní idán mìíràn nínú. Ẹ̀rọ mẹ́fà ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbé 220 mẹ́gáwáàtì, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,320. Wọ́n á fi gáàsì se omi, omi á di oru, oru á yí táábáìnì, táábáìnì á sì máa yí mágínẹ́ẹ̀tì ràgàjì kan láàárín kọ́ìlì bàbà. Ohun tí rewáyà mi ń ká lórí àpótí nìyẹn, ó kàn tóbi ju ilé lọ ni. (Pé Ẹgbin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tí jẹnẹrétọ̀ sì tún ń dún, ẹjọ́ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.)

Ṣùgbọ́n ẹ má fo tíkẹ́ẹ̀tì yẹn dá. Láyé ìgbà tí mo ń sọ yìí, ìgbàgbọ́ àwọn ará Ìkòròdú ì bá jẹ́ òtítọ́. Àwọn ọlọ́lá ló ń dáwó, àwọn náà ló sì ń jókòó síbẹ̀. Ká ní oníbàárà yẹn kò ṣe Faraday lóore, ẹnu ọ̀nà ni ì bá ti padà. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin àwọn tó ń wá gbọ́ Davy pọ̀ débi pé gósílò dá sílẹ̀ ní Albemarle Street tí ilé-iṣẹ́ náà wà. Ìtàn Lọ́ńdọ̀nù sọ pé títì yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ sọ di wọ́n-wéè ní gbogbo ìlú náà. Gósílò nítorí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísìrì! Àwa tí a mọ Mile 12 ni kẹ́ ẹ bi pé kí ni gósílò.

Ilé-iṣẹ́ yẹn náà kò dúró sójú kan. Ní 1825, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìgbà Kérésì fún àwọn ọmọdé, ọdún 19 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni Faraday fúnra rẹ̀ fi bá wọn sọ̀rọ̀. Èyí tó gbajúmọ̀ jù lọ nínú rẹ̀, àbẹ́là lásán ló gbé dání. Kí ló ń jó gan-an, ṣé òwú ni àbí ìda? Ibo ni ìda ń lọ nígbà tó bá jó tán? Kí ló dé tí iná fi ń kú bí a bá da nǹkan bò ó? Ọmọdé tó bá ti tan àbẹ́là rí lè tẹ̀ lé e. Wọ́n ṣì ń ṣe é lọ́dọọdún títí di òní, àfi ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì tó dáwọ́ dúró.

Èyí tó wá wà lóde báyìí, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni kì í gba kọ́bọ̀. Perimeter Institute wà ní ìlú Waterloo ní Kánádà. Mike Lazaridis tó wà lára àwọn tó ṣe fóònù BlackBerry, èyí tí gbogbo wa ń dù nígbà kan, òun ló fi owó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà ní 1999. Ìṣirò àti èrò orí lórí bí ayé àti ojú ọ̀run ṣe dúró ni iṣẹ́ wọn, ọ̀rọ̀ tó le bí ojú ẹja. Síbẹ̀ wọ́n máa ń pe ará ìlú wá gbọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì ń gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó jẹ́ pé ẹni tó wà ní Odòngúnyàn lè fi fóònù wò ó bí dátà bá ti wà. CERN náà, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣèwádìí àwọn ohun tín-tìn-tín tó para pọ̀ di gbogbo nǹkan, wà lẹ́nu ibodè Switzerland àti Faransé, níbi tí wọ́n ti gbẹ́ ihò róbótó tó gùn ní kìlómítà 27 sábẹ́ ilẹ̀. Ní 2023 wọ́n ṣí ilé ńlá kan tí wọ́n pè ní Science Gateway fún àwọn àlejò. Owó ìwọlé kò sí.

Kì í ṣe àánú ni wọ́n ń ṣe o. Owó ìlú ló ń gbé ọ̀pọ̀ nínú ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ró, ẹni tó bá ń ná owó ìlú gbọ́dọ̀ lè sọ ohun tó fi ń ṣe. Wọ́n tún mọ̀ pé ẹni tó máa ṣe iṣẹ́ náà lọ́la lè wà láàárín àwọn tó jókòó sẹ́yìn lónìí.

Ibi tí àríyànjiyàn tún ti máa ń le ni ti orin, ijó àti àwòrán tí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń fi kún ètò wọn. "Ṣé ilé ìwádìí ni tàbí ilé àríyá?" Mo ti gbọ́ ọ tó. Nínú ọgbà CERN, ère òrìṣà Shiva tó ń jó wà níbẹ̀, ga ju ọkùnrin lọ. Orílẹ̀-èdè India ló fi ta wọ́n lọ́rẹ ní 2004. Wọ́n tún máa ń gba àwọn oníṣẹ́ ọnà wá bá àwọn onímọ̀ gbé, kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀, kí wọ́n fi ohun tí wọ́n rí ṣiṣẹ́. Albert Einstein, tó wà ní Institute for Advanced Study ní Princeton láti 1933 títí tó fi kú ní 1955, fẹ́ràn fáyólìn rẹ̀ gan-an. Èrò tèmi ni pé orin ló ń mú ẹsẹ̀ àwọn tí àkọlé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ì bá lé sá wọlé. Ẹni tó bá wá nítorí ìlù á rí i pé ilẹ̀kùn ibẹ̀ kì í jẹni.

Àwa náà sì kúkú ń ṣe é láìpè é bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ wo inaugural lecture ní UNILAG ní Akọka, èyí tí ọ̀jọ̀gbọ́n kọ̀ọ̀kan fi ń ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún ará ilé-ẹ̀kọ́ àti ará ìlú. Gbọ̀ngàn J.F. Ade Ajayi ni wọ́n sábà máa ń lò. Ọ̀jọ̀gbọ́n á wọ ẹ̀wù oyè, ẹbí á wọ aṣọ ẹbí, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí á kún ẹ̀yìn. Ìyá àgbà tó ń pàtẹ ẹja lè jókòó níwájú nítorí pé ọmọ rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ta ló bi í ní sátífíkéètì?

N kò ní sọ pé àwọn tó ń bẹ̀rù kò ní ìdí. Àkọlé inú pósítà mìíràn gùn ju orin ewì lọ, kò sì sí ọ̀rọ̀ méjì nínú rẹ̀ tó yé ènìyàn. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa fi sọ ọ́ látòkè délẹ̀. Wọ́n sì ti dá èmi náà dúró rí lẹ́nu géètì ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan, "Madam, ta lẹ wá rí?", lọ́jọ́ tí pósítà ìpè wà lára ògiri lẹ́yìn onígéètì náà gan-an. Ẹ̀bi àwọn tó pe ìpè nìyẹn, mi ò bò ó. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n bá lè ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún àwọn tó ń fún un lówó ìwádìí, ó yẹ kó lè ṣàlàyé rẹ̀ fún rewáyà. Rewáyà náà sì ní ìbéèrè gidi: kí ló dé tí wáyà alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà kùn lára, tó kún ọjà báyìí, fi ń tètè gbóná ju bàbà gidi tó nípọn tó o lọ?

Ẹni tó bá fẹ́ lọ láti Ìkòròdú, kó yáa tètè jáde, nítorí Mile 12 àti Kétu kò mọ̀ pé ẹnì kan ń retí yín ní Akọka. Bí onígéètì bá béèrè, ẹ dárúkọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà, ẹ fi àwòrán pósítà inú fóònù hàn án. Bó bá jẹ́ inaugural lecture, wọn kì í gba ìbéèrè nínú gbọ̀ngàn, àṣà wọn ni; ẹ fi tiyín pamọ́ di ìgbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n bá bọ́ síta, tí ẹbí bá ti ya fọ́tò tán. Wọ́n sì máa ń tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé pẹlẹbẹ. Kì í kárí àwọn tó bá pẹ́ dé.