Ahmedabad: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ìlú àtijọ́ tó jẹ́ ilé àwọn ará ìlú ló sọ ọ́ di olókìkí

Íńdíà ní Delhi, ó sì ní Agra níbi tí Taj Mahal wà. Kí ló dé tó fi jẹ́ Ahmedabad ni ìlú àkọ́kọ́ níbẹ̀ tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé?

Ohun tí UNESCO kọ sílẹ̀ ní Delhi àti Agra, ilé kọ̀ọ̀kan ni: ibojì ọba, odi, ilé gogoro. Ní oṣù Keje ọdún 2017, odidi ìlú àtijọ́ tí àwọn èèyàn ṣì ń gbé, tí wọ́n ń ṣòwò, tí wọ́n ń tọ́mọ nínú rẹ̀, ni wọ́n kọ sílẹ̀ ní Ahmedabad. Jaipur ló tẹ̀ lé e ní 2019.

Sultan Ahmad Shah ló tẹ ìlú náà dó ní 1411, ní bèbè ìlà-oòrùn odò Sabarmati, ní ilẹ̀ Gujarat. Òun ló ni odi Bhadra, ẹnubodè olójú mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní Teen Darwaza, àti mọ́sálásí ńlá Jama Masjid tí wọ́n parí ní 1424. Àwọn yẹn dára o, kò sẹ́ni tí yóò rí àwọn òpó Jama Masjid tí kò ní dúró wò wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn àdúgbò tí wọ́n ń pè ní pol, níbi tí ọlọ́jà, oníṣòwò wúrà àti ahunṣọ ń gbé, ni ìlú mìíràn kò ní irú rẹ̀ tó báyìí. Ẹni tó bá wo mọ́sálásí àti odi nìkan tó padà sílé kò tíì dé Ahmedabad.

Kí ni pol gan-an?

Agbo ilé ló sún mọ́ ọn jù lọ. Ọ̀nà tóóró kan ni, ilé fara ti ilé ní ọ̀tún àti ní òsì, ó sì sábà máa ń ní ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo tó ní ìlẹ̀kùn onígi ńlá. Láyé àtijọ́, alẹ́ kò ní í ṣú tán kí wọ́n tó ti ìlẹ̀kùn náà, ọdẹ á sì wà nínú yàrá kékeré tó wà lókè ẹnubodè. Ẹlẹ́sìn kan náà tàbí oníṣẹ́ kan náà ló sábà ń gbé pọ̀ nínú pol kan. Ìgbìmọ̀ àwọn àgbà tí wọ́n ń pè ní panch ló ń bójú tó ọ̀rọ̀ wọn, ẹnikẹ́ni kò sì lè dédé ta ilé rẹ̀ fún àlejò lẹ́yìn wọn.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ pé inú pol lẹ wà, ẹ wo òkè. Ẹ óò rí chabutro: òpó gíga kan tí wọ́n kọ́ ilé kékeré aláràbarà lé lórí, tí wọ́n ń da ọkà sí fún àwọn ẹyẹ. Àwọn ẹlẹ́sìn Jain, tí kì í pa ohun ẹlẹ́mìí lára, pọ̀ nínú ìlú náà láti ìgbà pípẹ́, ìfẹ́ wọn sí ẹyẹ sì ti di ti gbogbo ìlú. Ní ẹnu ọ̀nà, ẹ óò rí pátákó dúdú tí wọ́n fi ń kéde ìròyìn fún ará àdúgbò.

Ohun tó máa ń da àlejò láàmú ni pé àwọn pol kan ní ọ̀nà ìkọ̀kọ̀. Ẹ óò rò pé ọ̀nà ti pin, kò sì pin: ẹnu ilẹ̀kùn kan tó dà bíi ti ilé ẹni kan ni yóò gbé yín jáde sí pol kejì. Máàpù inú fóònù kì í ríran dáadáa láàárín àwọn ilé gíga tó fún mọ́ra bẹ́ẹ̀. Ìyá tó jókòó sí iwájú ilé ni kí ẹ bi.

Ooru ibẹ̀ máa ń kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius ní oṣù Kẹrin àti oṣù Karùn-ún. Báwo ni wọ́n ṣe ń gbé inú ilé tó há tó bẹ́ẹ̀?

Híhá yẹn gan-an ni oògùn ooru. Ilé tó fara ti ilé ní ìhà méjèèjì, iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni oòrùn lè rí. Ọ̀nà tóóró tí ilé alájà mẹ́ta ga sí lápá méjèèjì máa ń wà lábẹ́ òjìji fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Àárín ilé ni chowk wà, àgbàlá kékeré tí ojú rẹ̀ ṣí sí ọ̀run. Bí afẹ́fẹ́ inú ilé bá ti gbóná, ó máa ń gba ojú chowk gòkè lọ, afẹ́fẹ́ tútù láti ojú ọ̀nà yóò sì wọlé rọ́pò rẹ̀. Ibi ìjókòó gbọọrọ níwájú ilé ni wọ́n ń pè ní otla. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣa ọkà, tí wọ́n ti ń gba àlejò tí kò ní wọlé.

Igi àti bíríkì ni wọ́n fi kọ́ ilé náà. Igi tíìkì ni egungun rẹ̀: òpó, igi àjà, àti igi tí wọ́n tẹ́ gbọọrọ sáàárín ògiri. Bíríkì wulẹ̀ ń dí àlàfo ni. Ìdí nìyí tí ilé náà fi lè mì láìwó. Nígbà tí ìmìtìtì ilẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Gujarat ní ọjọ́ 26 oṣù Kìíní ọdún 2001, àwọn ilé kọnkéré alájà púpọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ sí ẹ̀yìn odi ló wó pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní Ahmedabad. Ọ̀pọ̀ ilé onígi inú pol ṣì wà lórí ìdúró.

Ohun tó ń pa ilé wọ̀nyí ni àtúnṣe tí kò bójú mu. Bí ògiri bá ń ṣí, onílé á pe bírísílà kó wá fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Ẹfun òkúta ni wọ́n fi rẹ́ ògiri náà tẹ́lẹ̀, ẹfun sì máa ń jẹ́ kí ọ̀rinrin inú bíríkì jáde. Sìmẹ́ǹtì kì í gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rinrin yóò há sínú, yóò máa jẹ ẹsẹ̀ òpó igi níbi tí ojú kò tó, títí òpó náà yóò fi dẹ̀ láti inú. Ìṣòro kejì ni ogún pínpín: ilé kan lè ní àjogún mẹ́wàá, kí wọ́n má sì fẹnu kò lórí ẹni tí yóò tún òrùlé ṣe. Ní ìkẹyìn, wọ́n á yọ igi gbígbẹ́ iwájú ilé tà fún oníṣòwò ohun àtijọ́, wọ́n á sì sọ ìyókù di ilé ìkẹ́rùsí.

Ìjọba ìlú ti kọ orúkọ ilé tó lé ní 2,000 sílẹ̀ fún ìdáàbòbò, wọ́n sì ṣe ètò kan tó mọ́gbọ́n dání. Onílé tí òfin kò jẹ́ kó kọ́ àjà kún ilé rẹ̀ yóò gba ìwé ẹ̀rí ẹ̀tọ́ ìkọ́lé, yóò tà á fún ẹni tó ń kọ́ ilé gíga níbòmíràn nínú ìlú, yóò sì fi owó náà tún ilé àtijọ́ ṣe. A rí i pé èyí dára ju kí wọ́n kàn fòfin de onílé kí wọ́n má sì fún un ní kọ́bọ̀.

Níbo ni wọ́n ti ń rí omi mu kí omi ẹ̀rọ tó dé?

Lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Lábẹ́ chowk ni tanka wà, àmù abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n fi bíríkì kọ́, tí wọ́n sì fi ẹfun rẹ́ inú rẹ̀. Àwọn mìíràn gba nǹkan bí 25,000 lítà. Òjò ibẹ̀ kì í ju láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án lọ, nítorí náà ohun tí wọ́n bá gbè nígbà náà ni wọn yóò mu títí ọdún yóò fi yí po.

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á gbá òrùlé mọ́. Òjò àkọ́kọ́, wọn kò ní í jẹ́ kó wọ inú tanka: wọ́n á darí rẹ̀ síta kó lè kó eruku àti ìgbẹ́ ẹyẹ lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á yí ẹnu ọ̀pá padà kí omi mímọ́ máa wọlé. Ojú ihò kékeré kan tó ní ìdérí irin ni wọ́n fi ń fa omi. Òkùnkùn inú rẹ̀ ṣe pàtàkì, torí ewédò kò lè hù níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò dé.

Nígbà tí omi ẹ̀rọ dé ní òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀ ilé pa tanka tì. Tanka tí a kò lò, tí a kò fọ̀, ẹfun inú rẹ̀ á sán, omi ìdọ̀tí láti inú gọ́tà ìta á sì máa wọ inú rẹ̀. Bí ẹ bá dé ilé tí wọ́n ṣì ti ń bu ún mu, ẹ bi wọ́n nígbà tí wọ́n fọ̀ ọ́ kẹ́yìn kí ẹ tó tọ́ ọ wò.

Àwọn kànga alátẹ̀gùn ńkọ́?

Vav ni wọ́n ń pè wọ́n. Omi abẹ́ ilẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì máa ń gòkè nígbà òjò, nítorí náà wọ́n gbẹ́ àtẹ̀gùn tọ omi lọ: ibikíbi tí omi bá wà, ẹsẹ̀ èèyàn lè dé ibẹ̀. Èyí tó wà ní Adalaj, ní àríwá ìlú, jìn ní àjà márùn-ún. Wọ́n parí rẹ̀ ní nǹkan bí 1499. Gbogbo èèyàn ló ń lọ síbẹ̀. Dada Harir tó wà ní Asarva, nínú ìlú gan-an, la máa ń rọ àlejò láti lọ wò, torí èrò kì í pọ̀ níbẹ̀. Obìnrin ààfin kan tó ń jẹ́ Bai Harir ló kọ́ ọ nígbà Sultan Mahmud Begada, ó sì fi èdè Sanskrit àti èdè Lárúbáwá kọ ọ̀rọ̀ sára ògiri rẹ̀. Òwúrọ̀ ni kí ẹ lọ, nígbà tí oòrùn bá ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́ kan.

Ṣé òótọ́ ni pé ọmọ Áfíríkà ló kọ́ mọ́sálásí tó lókìkí jù níbẹ̀?

Òótọ́ ni. Sidi Saiyyed, ọmọ ilẹ̀ Habasha tó jẹ́ Ethiopia òde òní, tó wà lára àwọn èèyàn ọ̀gágun kan tó ń jẹ́ Bilal Jhajar Khan, ló kọ́ ọ ní nǹkan bí 1573. Sidi ni wọ́n ń pe àwọn ọmọ Áfíríkà tó gba orí òkun dé Íńdíà, àwọn kan bí ẹrú, àwọn kan bí ọmọ ogun àti atukọ̀. Ìlà-oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti wá, wọn kì í ṣe ará ìhà tiwa. Àtọmọdọ́mọ wọn ṣì wà ní Gujarat lónìí, pàápàá ní abúlé Jambur nítòsí igbó Gir.

Ohun tó yẹ kí ẹ wò ni àwọn fèrèsé òkúta tí wọ́n ń pè ní jali. Lára ògiri ẹ̀yìn, fèrèsé méjì ni wọ́n gbẹ́ bí igi tí ẹ̀ka rẹ̀ lọ́ mọ́ra, òkúta iyanrìn aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n dá lu títí ó fi dà bí ohun tí a fi òwú ṣe. Ṣùgbọ́n fèrèsé àárín, tó yẹ kó ṣe kókó jù, òkúta lásán ni wọ́n fi dí i. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà ni pé àwọn ọmọ ogun Akbar, ọba Mughal, gba Gujarat ní 1572 sí 1573, iṣẹ́ sì dúró láìparí. Kí ẹ tó kúrò, ẹ wọ inú mọ́sálásí, kí ẹ wo jali náà láti inú lọ síta. Láti ojú títì, òkúta lẹ óò rí. Láti inú, ìmọ́lẹ̀ ni.

Aṣọ wo ló jẹ́ ti Ahmedabad?

Ẹ̀rọ ìhunṣọ ló sọ ìlú náà di ọlọ́rọ̀ láti 1861, nígbà tí ilé iṣẹ́ Ranchhodlal Chhotalal bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ èyí tó wù wá láti sọ̀rọ̀ lé ni Mata ni Pachedi, aṣọ tí àwọn Vaghari ń ya òrìṣà ìyá sí. Láyé àtijọ́, àwọn ẹlòmíràn kì í jẹ́ kí àwọn Vaghari wọ tẹ́ńpìlì, wọ́n bá ya tẹ́ńpìlì sórí aṣọ, wọ́n sì ń ta á bí àgọ́ láti bọ ìyá wọn.

Wọ́n á kọ́kọ́ fọ sítáàṣì kúrò lára aṣọ òwú. Wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi èso harda, aṣọ á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Fún dúdú, wọ́n á rẹ irin tó ti dípẹtà pọ̀ mọ́ ṣúgà ìrèké tí a kò fọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kó lè kan, wọ́n á fi ìyẹ̀fun kóró àjàgbọn mú un ki, wọ́n á sì fi igi oparun ya ìlà. Irin náà àti harda ló ń pàdé di dúdú. Ibi tí wọ́n bá fẹ́ kó pupa, álọ́ọ̀mù, iyọ̀ tó ń mú kí aró lẹ̀ mọ́ aṣọ, ni wọ́n ń fi sí i; lójú ẹsẹ̀ kò ní í fi bẹ́ẹ̀ hàn. Lẹ́yìn tó bá gbẹ, wọ́n á fọ̀ ọ́ nínú odò, wọ́n á sì sè é pẹ̀lú aró alizarin. Ibi tí álọ́ọ̀mù wà nìkan ni yóò pupa.

Fífọ̀ yẹn ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù. Omi tó ń ṣàn ló gbọ́dọ̀ jẹ́, tí yóò gbé àṣẹ́kù álọ́ọ̀mù lọ. Nínú omi adágún, álọ́ọ̀mù tó yọ yóò tún lẹ̀ mọ́ ibi funfun, gbogbo aṣọ á sì pupa bàìbàì nígbà tí wọ́n bá sè é. Wọ́n ti fi kọnkéré mọ bèbè Sabarmati nínú ìlú báyìí, omi odò Narmada ni wọ́n fi kún un, ìdènà Vasna sì dá a dúró. Ojú rẹ̀ dára láti wò, ṣùgbọ́n ó ti nira fún àwọn aláṣọ. Bí ẹ bá rà ọ̀kan, ẹ wo funfun rẹ̀: ibẹ̀ lẹ óò ti mọ iṣẹ́ tó dára.

Báwo la ṣe lè rìn ín ní òwúrọ̀ kan?

Láti 1997 ni ìjọba ìlú ti ń ṣe ìrìn àfẹsẹ̀rìn pẹ̀lú afinimọ̀nà. Ó ń bẹ̀rẹ̀ ní tẹ́ńpìlì Swaminarayan ní Kalupur, tí wọ́n kọ́ ní 1822, ó gba inú àwọn pol kọjá, ó sì parí sí Jama Masjid. Bàtà tó rọrùn láti bọ́ ni kí ẹ wọ̀, torí ẹ óò bọ́ ọ léraléra. Ẹ bo èjìká àti orúnkún. Ẹ má ya fọ́tò inú ilé láìtọrọ àyè. Ẹ padà sí Manek Chowk lálẹ́: ọjà tó jẹ́ ti oníwúrà lọ́sàn-án á ti di ti olóúnjẹ. Gujarat kò gba ọtí láàyè, àlejò tó bá fẹ́ mu gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ.

Oṣù wo ló dára jù?

Oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì. Bí ẹ bá wà níbẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kìíní, ọjọ́ àjọ̀dún Uttarayan nìyẹn: gbogbo ìlú ló máa ń gun orí òrùlé láti ta káìtì. Wọ́n máa ń fi ìyẹ̀fun gíláàsì pa òwú káìtì kó lè gé ti ẹlòmíràn, òwú tó já sì máa ń nà gbọọrọ sójú títì. Ó ti gé ọrùn àwọn tó ń gun alùpùpù, ó sì ń gé ìyẹ́ ẹyẹ. Ẹ má gun alùpùpù lọ́jọ́ náà. Bí kò bá ṣeé yẹ̀, ẹ fi ìborùn tó nípọn wé ọrùn yín dáadáa, kí ẹ sì rọra máa lọ.